Ọdún Keje Mi Nínú Ẹgbẹ́ Lọ́yà Ìpínlẹ̀ New York: Ohun Tí Owó Mi Rà

Ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó fi ọdún méjì ṣáájú mi nídìí ìwé òfin ní Ilé-Ifẹ̀ pè mí láti Ìbàdàn. Ó ti ń múra àtiwá ṣe ìdánwò lọ́yà ní New York. "Àbúrò," ó ní, "wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ lọ́yà wọn kí wọ́n tó jẹ́ kí n fẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹjọ́. Èló ni wọ́n ń gbà?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ti Nàìjíríà ló ń rò." Nílé, ọjọ́ tí wọ́n bá ti pè ọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ni o ti di ọmọ NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, o fẹ́ o kọ̀, owó ọdọọdún rẹ sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ìparí oṣù Kẹta. Níbí, bó bá wù ọ́, o wọ ẹgbẹ́. Bí kò bá wù ọ́, o jókòó jẹ́ẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Bí kò bá ṣe dandan, kí ló dé tí ìwọ ń san án?" Ìdáhùn yẹn gùn ju ohun tí mo lè sọ tán lórí fóònù lọ. Òun ni mo jókòó kọ yìí.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ ni New York State Bar Association. Ọdún 1876 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Albany tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ni ilé wọn wà, ní One Elk Street. Àwọn ilé àtijọ́ kan ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé tiwọn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1971, wọn kò wó iwájú àwọn ilé wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ́ ti tuntun sí. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ẹgbẹ́ yìí kì í fún lọ́yà ní ìwé àṣẹ, kì í sì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Appellate Division, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó pín sí ọ̀nà mẹ́rin káàkiri ìpínlẹ̀, ló ń búra fún lọ́yà, òun náà ló ń fìyà jẹ èyí tó bá ṣìwà hù. $375 tí à ń san ní ọdún méjì-méjì láti forúkọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ilé-ẹjọ́ ló ń lọ. Owó ẹgbẹ́ tún wà lórí ìyẹn, ó sì máa ń gòkè bí ọdún rẹ lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ bíi tèmi, tó ń san owó ọ́fíìsì ní Flatbush ní Brooklyn, nínú ìlú New York, gbọ́dọ̀ mọ ohun tí owó bẹ́ẹ̀ ń bá a rà.

Kóòtù Ìyágankú ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú adájọ́. Wíìgì mi ṣì wà nínú agolo rẹ̀ lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn kì í dé e níbí. Nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, $750 ni mo san nítorí pé òkè òkun ni mo ti kàwé. $250 ni ẹni tó kàwé òfin ní Amẹ́ríkà ń san. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìdánwò náà, 266 ni máàkì tí wọ́n fi ń yege. 259 ni mo gbà lẹ́ẹ̀kíní. Ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí mo sanwó fún pé kó múra mi sílẹ̀ kò dá ímeèlì mi lóhùn mọ́ látìgbà tí owó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi òru kọ́ ara mi, mo yege. Wọ́n tún ní kí n fi wákàtí 50 ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò lówó lọ́yà kí wọ́n tó búra fún mi. Nídìí wákàtí 50 yẹn ni mo ti mọ Family Court, ilé-ẹjọ́ ìdílé, tí mi ò sì kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń kà nínú ìròyìn tí ẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé-ẹjọ́. Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, Màmá kan ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Màmá yìí, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ ọmọ rẹ̀ lu ọmọ náà. Nítorí lílù yẹn, ẹjọ́ kan wà ní Criminal Court, ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn. Nítorí àwọn ọmọ kéékèèké méjì tó wà láàárín wọn, ẹjọ́ kan wà ní Family Court. Ọmọ náà fẹ́ kọ ọkọ, bẹ́ẹ̀ Family Court kò lágbára láti tú ìgbéyàwó ká, ni ẹjọ́ kẹta bá tún wà ní Supreme Court. Ilé mẹ́ta, adájọ́ mẹ́ta, déètì mẹ́ta, lórí ìjà kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, ọmọ rẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, Màmá ló kó ìwé ṣáájú. Mo bá a lórí àga gígùn. Ó kó gbogbo ìwé náà jáde nínú ọ̀rá dúdú, ó tẹ́ wọn sórí ìtan, ó ń fi àtàǹpàkò na etí wọn tó ti ká. "Lọ́yà mi," ó ní, "èwo ni ti òní nínú wọn?"

Mo wò ó. Èyí tí í ṣe ti òní, ilé mìíràn ni, a ó rìn débẹ̀. Mo sọ fún un pé Supreme Court ni. Màmá gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ wa ti wá dé Supreme Court?" Ti Àbújá ló wà lọ́kàn rẹ̀, níbi tí ẹjọ́ ń parí sí. Mo ṣàlàyé pé ní New York, Supreme Court ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, pé èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ ni wọ́n ń pè ní Court of Appeals. Ó wò mí títí. "Ta ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

Irú ilé-ẹjọ́ tí ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, 11 ni ìpínlẹ̀ yìí ní. Ti ogún òkú wà lọ́tọ̀, ti ẹni tó fẹ́ pe ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ wà lọ́tọ̀, ti ìletò wà lọ́tọ̀, òfin sì gbà kí ẹni tí kò ka ìwé òfin rí jẹ adájọ́ ní ti ìletò. Ní 2019, Janet DiFiore tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ nígbà náà dábàá pé kí wọ́n sọ 11 yẹn di mẹ́ta. Ẹgbẹ́ wa wà lára àwọn tó kín in lẹ́yìn. Inú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, nítorí náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìdìbò láàárín, kí ará ìlú tó wá dìbò lé e lórí. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Ìwé òfin kan náà ló ní adájọ́ Supreme Court kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ fún 50,000 ènìyàn. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n ń yá adájọ́ láti àwọn ilé-ẹjọ́ mìíràn, àti Family Court pàápàá, kí wọ́n lè dí àlàfo. Ẹ ronú nípa ìyá tó ń dúró de déètì ní Family Court, tí wọ́n sì ti yá adájọ́ rẹ̀ lọ. Láti 2001 ni àwọn kóòtù kan ti wà níbi tí adájọ́ kan ṣoṣo ti ń gbọ́ gbogbo ẹjọ́ ìdílé tí ìwà ipá bá wà nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ gbogbo ìdílé nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹjọ́ kọ́ ló ń débẹ̀.

Ibi tí mo ti gbà pé owó mi kò ṣègbé ni ọ̀rọ̀ 18-B. Nọ́ńbà òfin ni, òun la fi ń pe iṣẹ́ náà: bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò lówó, tàbí tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án, kóòtù á yan lọ́yà fún un, owó ìlú ni wọ́n á fi san án. Láti 2004, $75 ni wákàtí kan, $60 fún ẹ̀sùn kéékèèké. Owó ilé gòkè, oúnjẹ gòkè, $75 dúró sójú kan fún ọdún bíi 19. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa tó kù ń gba ẹjọ́ ju agbára wa lọ, ẹni tí ìyẹn sì ń pa lára ni abiyamọ tí lọ́yà rẹ̀ kò ráyè ka fáìlì rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà inú ìlú New York ló kọ́kọ́ gbé ìjọba lọ sí kóòtù, adájọ́ kan sì pàṣẹ ní 2022 pé kí wọ́n máa san $158 nínú ìlú. Èmi tí mo wà ní Brooklyn jẹ nínú èrè ẹjọ́ yẹn. Àwọn tó wà lókè ọ̀hún, ní àwọn ìlú tó jìnnà sí wa, $75 ṣì ni tiwọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí tiwọn. Nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì 2023 jáde, $158 ti di ti gbogbo ìpínlẹ̀ láti oṣù Kẹrin. Ìròyìn wọn ni mo fi tẹ̀ lé e láti ìgbésẹ̀ kan dé èkejì. Ìdunnú mi lálẹ́ tí mo kà á kò ṣe é fẹnu sọ. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ì bá dá ìyẹn ṣe.

Lórí ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí, èmi fúnra mi ní ẹ̀rí. Ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹjọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ ti bi mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bóyá ògbufọ̀ ni mí, pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́ mi àti jákẹ́ẹ̀tì dúdú lọ́rùn mi. Ní 2020, lẹ́yìn ikú George Floyd, wọ́n ní kí Jeh Johnson, lọ́yà aláwọ̀ dúdú tó ti bá Ààrẹ Obama ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi mínísítà, yẹ àwọn ilé-ẹjọ́ New York wò. Ohun tó kọ jáde ni pé ìdájọ́ onípò kejì ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, pàápàá ní àwọn kóòtù tí èrò ti ń wọ́ bíi Family Court. Kò sọ ohun tí Màmá Ìjẹ̀bú kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí ó wà lákọsílẹ̀, ó yàtọ̀.

Láti 2018 ni òfin ti ní kí wákàtí kan nínú wákàtí 24 tí à ń fi kẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún méjì-méjì dá lórí ojúsàájú. Ẹgbẹ́ wà lára àwọn tó ń kọ́ni, mo sì ti ṣe e lọ́dọ̀ wọn. Wákàtí kan kéré. Bó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀rọ̀ Jane Bolin ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1939 ni wọ́n fi í jẹ adájọ́, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ adájọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ní ilé-ẹjọ́ tí Family Court tiwa jáde láti inú rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn ọmọ. Ó fòpin sí i. Títí di 1978 ló fi jókòó lórí àga yẹn. Ọdún 2023 ni Rowan Wilson ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ fi ojú ara yín wo àlàfo tó wà láàárín 1939 àti 2023.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹgbẹ́ ní ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ìdílé, ẹ wọ èyí tó bá kan iṣẹ́ yín. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2024 lórí ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn, irú bíi ChatGPT, yẹ ní kíkà, nítorí ní 2023 ni adájọ́ kan ní Manhattan bu ìtanràn $5,000 lé àwọn lọ́yà tí ChatGPT bá wọn hùmọ̀ ẹjọ́ tí kò sí níbìkan. Ìpàdé ńlá wọn, oṣù Kìíní ọdọọdún ni, ní Manhattan, láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kóòtù ń retí lójoojúmọ́ kò lè fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Mo sì ń fẹ́ kí ìjà tí wọ́n jà lórí owó lọ́yà, kí wọ́n jà á lórí ògbufọ̀ náà, kí ẹni tó ń sọ Yorùbá lè gbọ́ gbogbo ohun tí adájọ́ wí, kó má jẹ́ ìdajì. Nínú máàkì 5, mo fún wọn ní 4.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ yege ná. Bí wọ́n bá ti búra fún yín, ẹ fi ọdún kan wò ó.

Ẹjọ́ Màmá ṣì ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra fáìlì mẹ́ta fún un ní Nostrand Avenue: pupa fún Criminal Court, àwọ̀ ewé fún Family Court, búlúù fún Supreme Court. Mo fi Yorùbá kọ déètì àti àdírẹ́sì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. "Lọ́yà mi, aláwọ̀ ewé ni ti ọ̀la, àbí?"

Mo ní, "Òun ni, Mà. Agogo mẹ́sàn-án."