Sípíkà Mélòó Ló Tó Nínú Íàpíìsì Olówó Ńlá? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Á

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta íàpíìsì olówó ńlá, iye sípíkà tó wà nínú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà fún yín. “Ẹ̀gbọ́n, mẹ́sàn-án ló wà nínú etí kan ṣoṣo o!” Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n iye sípíkà kọ́ ló yẹ kó fa owó jáde lápò yín, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ tí ohùn fi jáde ní ẹyọ kan. Àwa tí à ń gbọ́ dàdàkúàdà, wákà, fújì, orin ìjọ àti ìlù dùndún ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, torí orin tiwa ló tètè ń tú àṣírí ìsopọ̀ tí kò gún.

Oríṣi sípíkà tó ń pàdé nínú íàpíìsì kan

Dynamic driver ni àgbà wọn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká róbótó lẹ̀ mọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, òòfà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí iná orin bá ṣe ń gba inú wáyà náà kọjá ni awọ á máa lọ síwá sẹ́yìn, tí á sì máa ti afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kan náà ni sípíkà ńlá tí wọ́n ń gbé lọ sóde ìnáwó ń gbà ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń tì yìí ló fà á tí báàsì rẹ̀ fi máa ń kan ara.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àwọn tí wọn kì í gbọ́ dáadáa ni balanced armature, tí wọ́n ń gé kúrú sí BA, ti wá. Knowles ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, àti Sonion ti ilẹ̀ Denmark ni orúkọ wọn ń jáde jù nídìí rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan dúró gẹ́lẹ́ láàárín òòfà méjì. Bí iná bá wọ wáyà tó yí i ká, irin náà á gbọ̀n, ọ̀pá tín-ín-rín kan á sì gbé ìgbọ̀n náà dé ara awọ. Ó kéré débi pé mẹ́rin tàbí mẹ́fà lè jókòó sínú etí kan. Ó yára, ó sì ń mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin yéni dáadáa. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń tì kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ ó gbọ́ báàsì rẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀kẹta ni electrostatic, tí wọ́n ń kọ ní EST. Kò sí wáyà kankan lára awọ tirẹ̀. Agbára iná tó wà láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ló ń fa awọ náà. Tíríbù, ìyẹn òkè ohùn, ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún nínú íàpíìsì, ó sì nílò ẹ̀rọ kékeré kan tí á gbé iná fóònù sókè kí ó tó lè ṣiṣẹ́.

Tí dynamic àti BA bá pàdé nínú íàpíìsì kan, hybrid ni. Tí EST bá tún kún un, wọ́n ń pè é ní tribrid.

Ibi tí wọ́n ti pàdé ni kí ẹ wò

Inú íàpíìsì hybrid, àwọn ohun kéékèèké kan wà tó ń pín orin: báàsì gba ọ̀dọ̀ dynamic, ìyókù gba ọ̀dọ̀ BA. Crossover ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń tún sípíkà ṣe nígboro náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn olùṣe tún máa ń lo ọ̀pá rọ́bà oríṣiríṣi gígùn àti àwọn àsẹ́ tín-ín-rín láti fi ṣàtúnṣe sí ohùn kó tó dé ẹnu íàpíìsì.

Ṣùgbọ́n ìpínyà náà kì í mú bí ọ̀bẹ. Níbi tí sípíkà méjì ti ń fi orin lé ara wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á jọ máa dún. Bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú lásìkò tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n á pa ara wọn, ihò á sì wà nínú orin níbẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé awọ dynamic máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sinmi, nígbà tí BA ti dákẹ́ tipẹ́. Láti jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa rìn pọ̀ ni iṣẹ́ tó gba ọpọlọ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí páálí tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ìyá ìlù ni mo fi ń dán ìsopọ̀ yìí wò, mi ò sì tíì rí ohun tó dára jù ú lọ. Ohùn rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, ohùn á fà láti ìsàlẹ̀ gòkè láìjá; bí ó bá dẹ̀ ẹ́, á tún sọ̀ kalẹ̀. Fífà yẹn gan-an ló ń kọjá láti ọwọ́ dynamic bọ́ sọ́wọ́ BA. Ṣaworo tó yí ojú ìlù ká sì ń dún lókè pátápátá, níbi tí BA kékeré tàbí EST ti ń ṣiṣẹ́. Ẹyọ ìlù kan ṣoṣo ti wá lọ yíká gbogbo sípíkà inú etí. Nínú íàpíìsì tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò dára, ìsàlẹ̀ ohùn ìlù á sanra, á sì jìnnà, òkè rẹ̀ á tín-ín-rín, á sún mọ́ etí, ṣaworo á sì máa dún níbi tí ìlù kò sí. Ẹni tó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí á mọ̀ kíá pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ wá orin tí ìyá ìlù ti dá sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ ní ohùn wẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa ṣọ́ bóyá ìlù náà ń ṣípò.

Mẹ́fà tí mo gbé síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́

| Orúkọ àti ọdún | Ohun tó wà nínú etí kọ̀ọ̀kan | Iye rẹ̀ nígbà tó jáde (bíi) |
|---|---|---|
| Sony IER-Z1R, 2018 | dynamic 2, BA 1 | 1,700 dọ́là |
| Sennheiser IE 900, 2021 | dynamic 1 | 1,300 dọ́là |
| Shure SE846, 2013 | BA 4 | 1,000 dọ́là |
| ThieAudio Monarch MKII, 2021 | dynamic 1, BA 6, EST 2 | 1,000 dọ́là |
| Moondrop Blessing 3, 2023 | dynamic 2, BA 4 | 320 dọ́là |
| Truthear Hexa, 2022 | dynamic 1, BA 3 | 80 dọ́là |

Sony àti Sennheiser ni kí a kọ́kọ́ fi kojú ara wọn, nítorí pé ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni wọ́n gbà.

Sony pín iṣẹ́ sí mẹ́ta: dynamic tó fẹ̀ tó milimítà 12 fún ìsàlẹ̀, BA kan fún òkè, àti dynamic kékeré tí kò ju milimítà 5 lọ fún òkè téńté. Ara rẹ̀ jẹ́ irin zirconium tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ irin mìíràn, ó le, ó ń dán, ó sì wúwo. Báàsì rẹ̀ ni mo gbà pé ó ga jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí wọ́n bá lu ìlù ńlá, ẹ ó mọ ìgbà tí ọwọ́ kan awọ àti ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú ìlù náà tẹ̀lé e. Wọ́n kọ ọ́ pé ohùn rẹ̀ dé 100,000 Hz, ìyẹn iye ìgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má ṣe sanwó nítorí ìyẹn: etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ kọjá nǹkan bíi 20,000 Hz, ti àgbàlagbà kì í sì í dé bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀ ni títóbi rẹ̀. Etí kékeré kò lè gbà á, bó ti wù kí orin rẹ̀ dùn tó.

IE 900 ní sípíkà kan ṣoṣo, milimítà 7, kò sì ní crossover rárá. Dípò kí wọ́n kó sípíkà jọ, ṣe ni wọ́n gbẹ́ àwọn yàrá kéékèèké sínú aluminium ara rẹ̀, kí àwọn yàrá náà máa gbé àwọn ìró tí kò yẹ mì kí wọ́n tó dé etí. Kò sí ibi tí ìyá ìlù ti lè já nínú rẹ̀, nítorí kò sí ìsopọ̀. Ibi tí Sony ti borí rẹ̀ ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ nǹkan bá ń dún papọ̀, bí i ẹgbẹ́ fújì ńlá pẹ̀lú elégbè, tí ohùn kálukú á dúró sáyè tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ohùn ènìyàn àti ìlù díẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ jù, IE 900 ni kí ẹ mú.

Shure SE846 ti pẹ́ lọ́jà, síbẹ̀ ó ṣì yẹ kí a dárúkọ rẹ̀. BA nìkan ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n to irin pẹlẹbẹ 10 léra láti fi la ọ̀nà gígùn fún báàsì, kí tíríbù má bàa bá a jáde. Ọgbọ́n ńlá ni. Báàsì rẹ̀ kún ju ti ọ̀pọ̀ BA lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ara bíi ti dynamic. Tíríbù rẹ̀ rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í tàn nínú rẹ̀. Ohun tó fi borí gbogbo yòókù ni dídí ariwo: Shure fúnra wọn ní ó lè gé ariwo ìta kù dé 37 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó). Ẹni tó ń gbé láàárín jẹnẹrétọ̀ ní Tanke, tàbí tó ń wọ kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, á mọyì èyí.

Monarch MKII ni tribrid tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Sípíkà mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn jà. Ohùn akọrin dúró gbọn-in láàárín, báàsì ò bò ó, ṣaworo sì jókòó sára ìlù níbi tó yẹ kó wà. Ó fẹ́ agbára díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nítorí EST, ara rẹ̀ tó jẹ́ resin sì tóbi.

Ọ̀rọ̀ Moondrop kò gùn: hybrid tó mọ́ ni, ohùn obìnrin sì dùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ fẹ̀, ó lè máa dun ihò etí tó há. Ti Truthear Hexa ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. 80 dọ́là ni nígbà tó jáde, ìsopọ̀ rẹ̀ sì gún ju ti ọ̀pọ̀ hybrid tí wọ́n ń tà ní ìlọ́po rẹ̀. Báàsì rẹ̀ níwọ̀n, ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ mì tìtì kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rà á kí ẹ tó ná 1,000 dọ́là. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ti pa owó mọ́.

Etí yín, ọyẹ́, àti òógùn

Bí rọ́bà ẹnu íàpíìsì kò bá dí ihò etí, báàsì á sá jáde, a ó sì máa dá sípíkà lẹ́bi láìyẹ. Ẹ gbìyànjú gbogbo ìwọ̀n rọ́bà tó bá a wá, ti fóòmù náà. Etí ọ̀tún àti ti òsì lè má gba ìwọ̀n kan náà. Rọ́bà tó dí dáadáa tún ń jẹ́ kí ẹ lè gbọ́ orin láìgbé ohùn sókè: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ìwọ̀n ohùn tí kò léwu sí 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń fi orin bá jẹnẹrétọ̀ figagbága á tètè kọjá ibẹ̀.

Ẹnu BA há, ìdọ̀tí etí àti eruku ọyẹ́ sì lè dí i. Bí apá kan bá lọ sílẹ̀ lójijì, ẹ wo àwọ̀n ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án láéláé. Lásìkò òjò àti ooru, ẹ nu òógùn ara rẹ̀ kí ẹ tó fi pamọ́, kí ẹ sì fi àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú ike rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fi gbọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní kò ní ihò íàpíìsì mọ́, nítorí náà ẹ ó nílò wáyà kékeré tó ń wọ ojú ibi tí a fi ń ṣáàjì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá gbogbo íàpíìsì mu. Impedance, ìyẹn bí íàpíìsì ṣe ń dènà iná tó, ló ń fà á: ti SE846 jẹ́ óòmù 9, ti IER-Z1R jẹ́ 40. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa ohùn ń sọ ni pé kí ti ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti íàpíìsì lọ, nítorí pé impedance BA kì í dúró lójú kan: bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á yí padà, ẹ ó sì máa gbọ́ íàpíìsì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rà. Wáyà USB-C ti Apple kò wọ́n, ó sì mọ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń kéré lórí ọ̀pọ̀ Android. Ẹ má fi Monarch sí i lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù fóònù nígboro ló ń kó irú ọjà yìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rà á. Ẹ ka owó gbígbé àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ iye tó wà nínú àtẹ òkè yìí. Bí ẹ bá rí olùtajà lójúkojú, ní Ìlọrin tàbí ní Èkó, orin ìyá ìlù yín ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orin tiwọn ṣáájú. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ fi í sétí, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.