Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹrù òtútù ránṣẹ́ sọ́mọ lókè òkun, ẹ gbọ́ bí ₦310,000 mi ṣe gbé ní Yábàá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa á rẹ́, torí ojú ń tì mí. Ọdún 19 ni mo ti ń ta léèsì ní Balógun, nísàlẹ̀ Èkó. Bí ẹ bá gbé ayédèrú aṣọ fún mi nínú òkùnkùn, ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Oníbàárà mi ń ka ibí yìí, àwọn tá a jọ ń tajà náà ń kà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá panu mọ́, ẹlòmíràn ló máa kó sí i lọ́wọ́ tí oṣù Kọkànlá bá tún dé, tí kálukú bá ń wá kóòtù òtútù kiri. Ó yá, mo sọ ọ́: wọ́n lù mí ní jìbìtì. Bàtà síkì ni wọ́n fi lù mí, ìyẹn bàtà tí wọ́n ń so mọ́ pátákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Bẹ́ẹ̀ ni, bàtà síkì, l'Ékòó ńbí, níbi tó jẹ́ pé inú kúlà ọlọ́tí la ti ń rí yìnyín.

Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Calgary, ní Kánádà. Ìjọ wọn fẹ́ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde lọ ṣeré yìnyín ní oṣù Kìíní, níbi òkè tí wọ́n ti fi síkì fò tí wọ́n sì fi bobsled, ọkọ̀ tí wọ́n ń tì tó ń yọ̀ lórí yìnyín, sáré nígbà Òlíḿpíìkì ọdún 1988. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ má dààmú, wọ́n ń yáni ní gbogbo ẹ̀ níbẹ̀." Èmi ni mo fárígá. Mo ní ọmọ tèmi ò ní ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí gbogbo ayé ti làágùn sí. Bàbá ẹ̀ náà dá sí i: "Ìyá Ìbejì, fowó ránṣẹ́ sí i, kó ra tiẹ̀ lọ́hùn-ún." Mo ní kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta dọ́là ná. Ó dákẹ́. Ó ṣì dákẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Inú WhatsApp ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti rí fọ́tò ọjà ọkùnrin yìí. Mo wọ danfó láti CMS lọ sí Yábàá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọjà, gíláàsì ń dán, atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Àní ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ẹni tó fẹ́ jà mí lólè, àyà ló fi nalẹ̀ kí mi. "Mọ́mì mi, ẹ jókòó, ẹ mu omi tútù." Ó wá da ẹrù sílẹ̀: jákẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, ìbọ̀wọ́, awò ojú, akoto bíi tọlọ́kadà, àti bàtà funfun kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Ó ní ilé ìtajà kan ló kógbá wọlé ní Austria, òun sì lọ kó o, pé tuntun ni, kì í ṣe tòkunbọ̀.

Ó tún fa àwọn ọmọ wa wọ̀ ọ́. Ó ní ṣé mo rántí Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga tí wọ́n gbé Nàìjíríà lọ sí Òlíḿpíìkì PyeongChang ní 2018? Pé irú bàtà yìí náà ni. Orí mi wú. Irọ́ gbuu! Bobsled làwọn yẹn fi sáré, bàtà tó ní ìṣó wẹ́wẹ́ nídìí ni wọ́n sì ń wọ̀ ti ọkọ̀ yẹn kí wọ́n tó bẹ́ sínú ẹ̀. Ẹni tó gun síkì fún wa ni Samuel Ikpefan, ní Beijing lọ́dún 2022, bàtà tiẹ̀ náà sì yàtọ̀, torí síkì ọ̀nà jíjìn ni. Bàtà fífúyẹ́ tí gìgísẹ̀ ẹ̀ ń gbé sókè ni wọ́n ń wọ̀ fún ìyẹn. Ẹ̀yìn tówó ti lọ ni mo wá mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́, ta ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nínú yín?

₦420,000 ló pè é. Mo ní ₦250,000. Ó káwọ́ lórí, ó ní ṣé mo fẹ́ kóun kú ni, pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A fà á títí ó fi jábọ́ sí ₦310,000. Inú mi dùn débi pé mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lójú ọ̀nà, mo ń jẹ ẹ́, mo ń dá rẹ́rìn-ín, mo rò pé èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ. Òórùn kámfọ̀ wà nínú bàtà náà o. Mo gbọ́ ọ. Mo bi í, ó ní oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́rù nínú ọkọ̀ ojú omi ni. Bàtà tuntun wo ló ń rùn bíi kámfọ̀? Èmi tí mo ń tajà, mo gbà! Ẹ má wàá sọ pé ojúkòkòrò ni. Ẹni tó san ₦310,000, ọ̀pọ́kú wo ló ń wá?

Ọmọ àbúrò mi ló bá mi gbé e lọ ní oṣù Kejìlá. Kílò 23 ni báàgì kan, bàtà yẹn nìkan sì ń lọ bíi kílò mẹ́rin. Mo yọ èlùbọ́. Kò gbà. Mo yọ ẹ̀gúsí. Mo yọ ata gígún. Ọmọ tó ti ń bẹ̀ mí fún èlùbọ́ láti oṣù Kẹsàn-án, mo fi bàtà rọ́pò àmàlà fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, ó ya fọ́tò ránṣẹ́ láàárọ̀, mo sì gbé e fún gbogbo ìlà wa ní Balógun wò. Gbogbo ìlà! Mo ní ẹ wá wo ọmọ mi nínú yìnyín. Kò pẹ́ tí fóònù dún. "Mọ́mì, ẹ má bínú o, bàtà yẹn ti fọ́." Mo ní fọ́ báwo? Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bọ̀ láti ibi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí ni, òun ò tíì fojú kan síkì rárá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ là, nígbà tóun sì gbẹ́sẹ̀ kejì, ó rún wómúwómú. Inú ẹ̀ tó rọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ ló kù lẹ́sẹ̀ òun. Lójú àwọn ọmọ ìjọ! Ká ní orí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ rò ó. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì náà mu omi bíi kànìnkànìn, akoto sì ti sán nínú. Ó lọ yá bàtà mìíràn níbẹ̀, ó sì ṣeré ẹ̀ lọ. Èyí tó sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin tó ń tún síkì ṣe níbẹ̀ yí bàtà náà wò, ó ní ó ṣeé ṣe kó ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ike bàtà síkì ń gbó bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń bá a kún un. Ẹ wá gbé e sínú ooru Èkó. Òde ẹ̀ á máa dán, ara ẹ̀ ti di èérún. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlẹ̀mọ́ tó wà lórí ẹ̀, nọ́ńbà mìíràn wà lábẹ́: 26.5 ló lẹ 24.5 mọ́. Ọmọ náà ti wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kíá: fi rúlà wọn ẹsẹ̀ ọmọ, torí gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà ni nọ́ńbà bàtà síkì. Ṣí gbogbo ìlẹ̀mọ́. Tẹ ike náà, wá ibi tó là. Da omi sórí jákẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ọlọ́jà bá bínú, máa lọ. Akoto àlòkù, má rà á rárá, torí ìgbà kan ṣoṣo tó bá ti gba ìlù líle, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí. Gba rìsíìtì. Mi ò gbà á. Ní LASCOPA tí mo lọ, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gbèjà oníbàárà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Tàbí kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kọ́mọ yá a, kẹ́ ẹ sinmi.

Mo pe ọkùnrin náà. Ẹ gbọ́ èsì ẹ̀: "Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa lò ó." Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ṣé mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni? Nígbà tí mo tún pè, kò wọlé mọ́. Mo padà sí Yábàá, mo bá obìnrin kan tó ń ta wíìgì nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní oṣù méjì péré lẹni ìṣáájú fi háyà ibẹ̀, pé èmi ni ẹni karùn-ún tó wá béèrè ẹ̀. Ẹni karùn-ún!

Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọlọ́jà kankan mọ́. Ẹni tó ń ta tòmátì fún mi, mo ń yẹ ìsàlẹ̀ agbọ̀n ẹ̀ wò. Ẹnì kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé èmi náà máa ń sọ fún oníbàárà pé léèsì mi ò lè ṣá. Mo máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n léèsì ò ní fọ́ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ láàárín yìnyín, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Mo ti ní kọ́mọ náà tọ́jú ẹyọ kan tó kù, kí ẹni tó bá ń bọ̀ bá mi gbé e wálé. Màá gbé e ka orí káńtà mi, kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán lẹ́ẹ̀kan. Èlùbọ́ tí mo yọ nítorí ẹ̀ ṣì wà nílé. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, kòkòrò ti wọ̀ ọ́.