Àgbéyẹ̀wò ìyẹ̀fun kalkwasser fún pípa iyùn tí ó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀

Ìyẹ̀fun calcium hydroxide, èyí tí àwa tí a ń sin iyùn nínú àpótí gíláàsì ń pè ní kalkwasser, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ike 500 gíráàmù kan ni mo rà ní Manchester níbí. Fífi kálísíọ́ọ̀mù kún omi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n èmi rà á láti fi pa iyùn tí ó fẹ́ gba gbogbo àpótí mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ọrùn ìyàwó àti ọrùn ọba nìkan ni ó ti mọ iyùn lè má mọ̀ pé ohun alààyè ni. Èyí tí mo ń sọ yìí rọ̀, kò ṣeé gbẹ́ ní ìlẹ̀kẹ̀. Green star polyps ni orúkọ rẹ̀: ara rẹ̀ dàbí ẹní aláwọ̀ àlùkò tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta, àwọn ẹnu kéékèèké aláwọ̀ ewé sì ń yọ lára rẹ̀ bí koríko. Nígbà tí mo ra àwọn iyùn mìíràn, òǹtajà fi èyí tí kò ju àtàǹpàkò lọ ṣe ènì fún mi. Láàárín ọdún kan àtààbọ̀, ènì yìí ti bo òkúta méjì, ó ti gun gíláàsì ẹ̀yìn, ó sì ti ń rá lọ sí ìdí hammer coral, iyùn mìíràn tí mo fi owó gidi rà. Xenia, iyùn rírọ̀ mìíràn, náà wà níbẹ̀, tí ó ń ṣí ọwọ́, tí ó ń pa á dé tọ̀sán-tòru, tí ó sì ń bí sí ibi gbogbo.

Mo máa ń po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi díẹ̀ títí yóò fi ki bí ọṣẹ ìfọyín, n óò fà á sínú síríǹjì, n óò sì pa gbogbo pọ́ǹpù kí omi lè dúró jẹ́ẹ́. Lára Xenia ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wù mí jù, nítorí pé èyí tí mo bá gún abẹ́rẹ́ sí ní ìdí ti máa ń rà dànù kí ọjọ́ kejì tó pé. Star polyps kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo bo mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú funfun, ó sì bó, àmọ́ èyí tí ó sá sínú ihò òkúta tún hù padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ìgbà tí mo gbé òkúta jáde, tí mo fi ọ̀bẹ ṣí ẹní náà kúrò, tí mo wá fi kalkwasser dí àwọn ihò tí ó ṣẹ́kù kí n tó fi omi iyọ̀ ṣàn án, ni mo rí ìsinmi. Ọ̀bẹ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà; ìyẹ̀fun yìí kàn ń parí rẹ̀ ni.

Àṣìṣe kan wà tí ó jẹ́ tèmi pátápátá. pH ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó; bí ó bá ṣe ga tó ni omi ṣe jìnnà sí kíkan. Ti kalkwasser tí ó bá ki ju 12 lọ, omi àpótí mi kò sì ju 200 lítà lọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ìkánjú mú mi fi sí ibi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, pH ti kúrò ní 8.2, ó ti di 8.7, àwọn ẹja ń mí gúlegúle, èyí tí omi sì gbé lọ bà lé hammer coral, ó pa orí rẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọjá ibi méjì lóòjọ́.

Ẹ̀sùn mi sí ike náà kò pọ̀. Kò ní ṣíbí ìwọ̀n nínú, ìwé ara rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa irú ìlò yìí, ìdérí rẹ̀ kò sì dé dáadáa. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ ìyẹ̀fun náà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa di calcium carbonate tí kò lè pa ohunkóhun. Inú ìgò tí ó ní ìdérí líle ni mo dà á sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, nítorí pé ó ń jó ara.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo fenbendazole, oògùn aràn ajá, tí ó lè pa Xenia àti star polyps jákèjádò àpótí. N kò gbà, nítorí pé kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́: ó lè pa ìgbín àti àwọn iyùn rírọ̀ mìíràn, ó sì lè pẹ́ nínú òkúta.

Bí ó bá jẹ́ zoanthid, ìbátan iyùn, ni ó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má ṣe tẹ̀ lé ọ̀nà tèmi. Májèlé palytoxin wà lára púpọ̀ nínú wọn. Ní Steventon, ní Oxfordshire, ìdílé kan dé ilé ìwòsàn ní 2018 lẹ́yìn tí wọ́n fọ àpótí wọn. Ẹ má ṣe ha á, ẹ má sì ṣe se òkúta rẹ̀ lórí iná láéláé.

Ó ti di oṣù méje báyìí. N kò pa star polyps tán. Mo fi èyí tí ó kù sórí òkúta kan ṣoṣo láàárín iyanrìn, níbi tí kò ti kan òkúta mìíràn, mo sì ń fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èyí tí mo bá gé, mo máa ń sá a gbẹ kí n tó jù ú sínú ìdọ̀tí, kí ó má baà dé inú òkun láàyè, nítorí pé ìbátan Xenia kan tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, Unomia stolonifera, ti bo àwọn àpáta iyùn ní Mochima ní orílẹ̀-èdè Venezuela. Ìdajì ike náà ṣì wà nílẹ̀. Bí ó bá tán, n óò tún un rà, àmọ́ n óò wá èyí tí ìdérí rẹ̀ sàn ju èyí lọ.