Fàdákà 925 àti fàdákà àbò: èwo ni kí ẹ rà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òrùka ọwọ́ mi dú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀rẹ́ mi rí i, ó ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Kò mọ̀ pé fàdákà gidi náà ń dú.

Ní Ìlọrin níbí, ọ̀pọ̀ ọkùnrin Mùsùlùmí kì í fi wúrà sọ́wọ́, fàdákà ni tiwọn. Nítorí náà, òrùka fàdákà pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ ojúlówó àti àbò lè jọ wà lórí àtẹ kan, kí ojú má lè yà wọ́n.

Nínú ìpín 1000 ojúlówó, 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù sábà máa ń jẹ́ bàbà, torí fàdákà lásán rọ̀ jù, kíá ló ń tẹ̀. Ti àbò, idẹ tàbí bàbà ló wà nísàlẹ̀, fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló ń dú. Kì í ṣe ìpẹtà. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń mú fàdákà. Ẹyin, àlùbọ́sà àti rọ́bà náà ní in nínú, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì ń mú kó yá. Ohun tó wà lábẹ́ dúdú yẹn ló yà wọ́n. Ẹ nu 925, fàdákà náà lẹ ó tún bá. Ẹ máa nu àbò léraléra, àwọ̀ idẹ á yọjú létí òrùka, níbi tó ti ń ha àtẹ́lẹwọ́. Ó parí nìyẹn, àfi kí wọ́n tún un bò.

Ìyá kan tó ń tajà sọ fún mi pé, “Àáfà, èyí ò ní dú láéláé.” Mo ní, “Ẹ ṣé, mà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.” Àfi 925 tí wọ́n fi rhodium, irin iyebíye kan, bò ni kì í tètè dú, ìyẹn náà á sì ṣí bó bá pẹ́.

Ẹ wo inú òrùka fún 925, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òòlù lè tẹ nọ́ńbà. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa fàdákà. Kì í fa idẹ náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e jù.

Bí 925 bá dú, ẹ tẹ́ fóìlì sínú abọ́, ẹ gbé òrùka náà lé e, ẹ bu bekin sódà àti iyọ̀ sí i, ẹ da omi gbígbóná lé e. Imí ọjọ́ á fi fàdákà sílẹ̀, á lọ bá fóìlì. Ẹ lè gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ má ṣe é fún òrùka olókùúta. Ọṣẹ ìfọyín ń ha fàdákà, bílíìṣì sì ń bà á jẹ́. Ti àbò, aṣọ rírọ̀ nìkan.

Bó bá jẹ́ ti ìnáwó ọjọ́ kan, àbò tó. Ti ojoojúmọ́, ẹ ra 925, kẹ́ ẹ sì máa wọ̀ ọ́: èyí tí a ń wọ̀ kì í dú tó èyí tí a kó pamọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tún rí òrùka náà lánàá. Ó ní ṣé mo ti ra òmíràn ni.