Jeep mi, táyà íńṣì 35, àti ìdí tí mo fi mú gíà 4.88

Ó di ọdún méjì báyìí tí mo ti pààrọ̀ gíà inú axle (ọ̀pá irin tí táyà méjèèjì wà ní ìkángun rẹ̀) iwájú àti ti ẹ̀yìn Jeep Wrangler mi. Ọkọ̀ náà ti rin máìlì 21,000 lórí wọn, nítorí náà kì í ṣe inú dídùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fi ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí. JK, bí wọ́n ṣe ń pe ìran Wrangler yẹn, ti ọdún 2014 ni, ẹ́ńjìnì líta 3.6 ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gíàbọ́ọ̀sì ọ́tòmátíìkì onígíà márùn-ún. Irú axle tí wọ́n ń pè ní Dana 30 ló wà níwájú, Dana 44 ni ti ẹ̀yìn. Ìlú Denver ní Colorado ni mo ń gbé, níbi tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti dorí kọ ìwọ̀ oòrùn, òkè ló ń gùn.

Táyà íńṣì 32 ni ó bá ọkọ̀ náà dé. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ sókè tí mo sì fi 35 sí i, ojú mi rí nǹkan. Ní òpópónà I-70, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè lọ sí Eisenhower Tunnel, tí ó fi ohun tí ó lé ní 11,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ, gíà karùn-ún kò gbé e mọ́ rárá. Á já sí ìkẹrin, á já sí ìkẹta, á tún sáré padà sí ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń tẹ iná títí tí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ìlà àwọn akẹ́rù ni mo tò sí.

3.73 ni nọ́ńbà gíà tí ó wà nínú axle nígbà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pinion (gíà kékeré orí ṣáàfùtì tó ti gíàbọ́ọ̀sì wá) ní eyín 11, crown (gíà ńlá tí pinion ń yí) ní 41, tí ṣáàfùtì fi gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3.73 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà ńlá a máa jìnnà sí i ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnì ló sì ń san owó ìrìn náà. Ìṣirò tí gbogbo ènìyàn ń ṣe kò le: ẹ fi 32 pín 35, ẹ wá fi èsì rẹ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀ 3.73, yóò fún yín ní nǹkan bíi 4.08. Bí a bá tẹ̀ lé èyí, 4.10 ti tó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ìṣirò yẹn kò mọ̀ pé táyà tuntun wúwo ju ti àtijọ́ lọ, kò mọ̀ pé ọkọ̀ tí a gbé sókè ń ko afẹ́fẹ́ láyà, kò sì mọ̀ nípa bọ́ńpà onírin tí mo so mọ́ iwájú.

Ohun tí mo gbé yẹ̀ wò ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan bí mo bá ń sá máìlì 65 ní wákàtí, ní gíà karùn-ún, lórí táyà 35. Pẹ̀lú 3.73, nǹkan bíi 1,930 ni, 4.56 yóò gbé e dé 2,360, 4.88 yóò gbé e dé 2,530, 5.13 yóò sì gbé e dé 2,660. Ẹ́ńjìnì yìí kì í ṣe èyí tí ó lágbára nísàlẹ̀, nítorí 4,800 ni agbára ìyí rẹ̀ tó dé góńgó, nítorí náà 2,500 kò ni ín lára. Ó wù mí kí n mú 5.13, ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni pinion ń kéré, Dana 30 kì í sì í ṣe axle tó lágbára púpọ̀. Mo mú 4.88, níwájú àti lẹ́yìn, nítorí bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ọjọ́ tí ẹ bá fi ọkọ̀ sí 4WD (kí ẹ́ńjìnì máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) lórí ilẹ̀ líle ni ẹ óò gbọ́ ariwo tí owó ń wà nínú rẹ̀.

Gíà náà fúnra rẹ̀ dára. Ẹni tó kọ́kọ́ tò ó ló dá mi lágara. Mo san 2,350 dọ́là, àpapọ̀ gíà, bẹ́ríìnì àti iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí igbe fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Bí mo bá wà lórí iná, kò sí nǹkan. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ní nǹkan bíi máìlì 55, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíín bí ẹ̀fọn létí. Wọ́n ní gíà tuntun ni, pé yóò dákẹ́. Kò dákẹ́.

Bàbá kan tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju axle lọ ni mo gbé e lọ bá. Ó tú ìdérí ẹ̀yìn, ó nu eyín crown, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ọ̀dà yẹ́lò sí bíi mẹ́rin nínú wọn, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Ojú ibi tí eyín pinion ti nu ọ̀dà náà kúrò kò sí láàárín. Etí ló wà, tóóró bí èékánná. Pinion kò wọlé tó. Ó yọ ọ́, ó pààrọ̀ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n jíjìn rẹ̀, ó tún kùn ún, ó tún yí i, títí ojú náà fi bọ́ sáàárín gbùngbùn. Ó wá wọn àyè tó wà láàárín eyín méjèèjì: 0.008 íńṣì, tí ó wà láàárín 0.006 sí 0.010 tí ó yẹ kó jẹ́. 600 dọ́là ni ó gbà, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi san án. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ó ní kí n má fa ẹrù kankan fún máìlì 500, kí n sì jẹ́ kí ó máa tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìrìn kúkúrú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí a da ọ́ìlì rẹ̀ nù ní máìlì 500, ó ń dán bí tìróò. Ó ní ìyẹn kò burú, pé èérún tí ènìyàn lè fi ọwọ́ mú ni kí n máa bẹ̀rù. Mo tún sọ nọ́ńbà gíà àti gíga táyà fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, nítorí bí kò bá mọ̀ ọ́n, gíàbọ́ọ̀sì kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀.

Ní òkè I-70, gíà kẹrin ló máa ń dì mú báyìí, kì í já kiri mọ́. Ní Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah, lórí àwọn àpáta pupa, ni mo ti mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò. Ní gíà kìn-ín-ní ti low (ipò 4WD fún ìrìn pẹ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ tó ṣòro), ẹ́ńjìnì ń yí ní nǹkan bíi ìgbà 48 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ó jẹ́ 36 tẹ́lẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta kan tí mo ti máa ń rọ́ mọ́ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi ò kàn án rárá.

Ibi tí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni Kansas. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òfin gba máìlì 75, ẹ́ńjìnì ń yí ní 2,900 fún wákàtí mẹ́fà gbáko, epo sì ń lọ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni mo ń gbé, 4.56 ni n bá mú. Ìyàwó mi ní òun kò gbọ́ ariwo kankan ní tòun, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń yí rédíò sísàlẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn axle.