Ríra Bàtà àti Aṣọ Ìrìn Orí Òkè ní Ilé Ìtajà Ńlá
Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń ta ohun èlò ìrìn orí òkè ni pé oníbàárà lè dán ọjà wò kó tó sanwó. Àwọn kan nínú wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí ènìyàn lè wọ bàtà tuntun sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń gbá imú bàtà níbẹ̀, ẹ má rà á. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ló dára jù láti lọ. Ẹ̀ka aṣọ wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹ̀wù òwú pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òwú tó bá ti mu òógùn kì í tètè gbẹ, ó sì léwu nínú òtútù orí òkè.