Oúnjẹ tí wọ́n sè kó lè tutù: àgbéyẹ̀wò ekiben, oúnjẹ ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ Japan

Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó gbà pé oúnjẹ tí kò bá rú èéfín kì í ṣe oúnjẹ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi ná. Oúnjẹ tó dùn mọ́ mi lẹ́nu jù nínú gbogbo ìrìn àjò tí mo ti rìn, tútù ni mo jẹ ẹ́, nínú ọkọ̀ ojú irin, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ekiben ni wọ́n ń pè é. Inú páálí ni wọ́n ń dì í sí, ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ń tà á, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Wọ́n sọ pé ọdún 1885 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní ibùdókọ̀ Utsunomiya: ìṣù ìrẹsì róbótó méjì tí wọ́n wé sínú èèpo ọparun. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 1,000 sí 1,600 yen, owó ilẹ̀ Japan, ohun tó wà nínú wọn sì tó fa àríyànjiyàn.

Kì í ṣe oúnjẹ gbígbóná tí wọ́n fi sílẹ̀ títí tó fi tutù o. Láti ìdí ààrò ni ẹni tó sè é ti mọ̀ pé tútù ni ẹ máa jẹ ẹ́. Ahọ́n kì í tètè gbọ́ adùn oúnjẹ tútù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí iyọ̀, ṣúgà àti sọ́ọ̀sì sóyà rinlẹ̀ díẹ̀ ju ti oúnjẹ ilé lọ. Ìrẹsì wọn kúkúrú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ra. Irú sítáàṣì tó ń mú kí ìrẹsì gan bó bá ti tutù kò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ó lè wà nílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó ṣì rọ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni fìríìjì. Ní ibùdókọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, inú fìríìjì ni ẹni tó ń tajà ti yọ páálí ẹran màlúù fún mi. Nígbà tí mo ṣí i, ọ̀rá ẹran ti dì funfun sára ìrẹsì, ìrẹsì náà sì ń ya lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó gidi ni mo san, ìdajì ni mo jẹ. Bí ẹ bá fọwọ́ kan páálí tó tutù nini, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ibùdókọ̀ Yokokawa, ní agbègbè Gunma, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ta ko ohun tí mo ń sọ bọ̀, nítorí ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tó dé ọwọ́ mi. Ibùdókọ̀ yìí wà ní ẹsẹ̀ òkè Usui. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú irin kò lè dá gun òkè náà, torí bó bá rin 1,000 mítà, ó ti gòkè mítà 66.7 nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mìíràn mọ́ ọn lẹ́yìn tí yóò máa tì í lọ. Àsìkò ìdúró yẹn ni ọjà àwọn Oginoya, ilé iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Ní 1958, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èrò pé oúnjẹ tútù ti sú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì nínú ìkòkò amọ̀ kéékèèké tí wọ́n mọ ní Mashiko, torí amọ̀ kì í tètè jẹ́ kí ooru sá lọ. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ń lọ, àwọn tó ń tajà á tò, wọ́n á tẹrí ba fún un. Ní 1997, Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára bí àṣá, gba inú ihò òkè kọjá, wọ́n ti ojú irin àtijọ́ pa láàárín Yokokawa sí Karuizawa, Yokokawa sì di ibi tí ojú irin parí sí. Oúnjẹ náà kò kú. Wọ́n ń tà á títí di òní, títí kan Tokyo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìkòkò náà. Bí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn sọ́ọ̀sì sóyà àti olú ni yóò kọ́kọ́ kan yín nímú. Ìrẹsì tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ sè wà nísàlẹ̀. Lórí rẹ̀ ni wọ́n to adìyẹ sí, pẹ̀lú olú dúdú kan, èéhù ọparun, ẹyin àparò kan, èso chestnut kan, atalẹ̀ pupa, àti èso apricot kan tó mọ́ rokoṣo lójú tó sì dùn bí midinmíìdìn. Kí ni apricot ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ? Mi ò mọ̀, ẹnu mi kò sì gbà á. Ìkẹyìn ni mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò nísàlẹ̀, tí ó ti mu gbogbo omi ẹran, mo há a títí tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi bojú wò mí. Ìkòkò náà di tiyín, ẹ sì lè fi se ìrẹsì nílé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo. Bí ẹrù yín bá ti pọ̀, wọ́n ní èyí tó wà nínú àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe, àmọ́ kò lè pa ooru mọ́ bí amọ̀.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ti adùn nìkan, ti ìlú Toyama ni mo fún ní ipò kìíní. Masu-no-sushi ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń tà á fún èrò ọkọ̀ láti 1912. Inú igbá igi róbótó ni wọ́n tẹ́ ewé ọparun sí, wọ́n to ẹja trout aláwọ̀ òdòdó tí wọ́n ti fi iyọ̀ àti ọtí kíkan pa lára dà, wọ́n wá tẹ ìrẹsì mọ́ ọn pinpin. Ọ̀bẹ kékeré kan wà nínú páálí tí ẹ máa fi gé e bí ẹní ń gé kéèkì. Bí ẹ bá ṣí ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja á máa dán nísàlẹ̀ rẹ̀, òórùn ewé á sì ti wọ inú ìrẹsì lọ, bí ewé eéran ṣe máa ń wọ inú mọ́ínmọ́ín. Kíkan rẹ̀ kò pọ̀. Ènìyàn méjì lè jẹ ẹ́ yó. Èmi nìkan ni mo jẹ tèmi.

Ti Mori, ní Hokkaido, kò lẹ́wà rárá. Squid (ẹran inú òkun tó rọ̀, tó ní ọwọ́ púpọ̀) kéékèèké méjì tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ló dùbúlẹ̀ sínú páálí, kò sí ẹ̀fọ́, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan. Àìtó ìrẹsì nígbà ogun ló bí i ní 1941: wọ́n ki ìwọ̀nba ìrẹsì tó wà sínú squid kó lè wú nínú rẹ̀, kó sì kún ikùn. Ẹ má wo ojú rẹ̀. Sọ́ọ̀sì aládùn tí wọ́n fi sè é ti wọ̀ ọ́ dénú, ara squid rọ̀ débi pé igi ìjẹun gé e.

Èyí tó fi okùn gbóná, bíi ti ahọ́n màlúù yíyan ti Sendai, eré ọwọ́ ni. Ẹ fa okùn, omi á kan ìyẹ̀fun kan lábẹ́ àwo, èéfín á bo yín lójú, gbogbo ọkọ̀ á sì mọ̀ pé ẹ ń jẹun. Ahọ́n náà dùn, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀rọ yẹn, páálí ńlá ni, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì tó bí mo ṣe retí.

Ní ibùdókọ̀ Tokyo, ilé ìtajà Ekibenya Matsuri kó ti oríṣiríṣi ìlú jọ, àmọ́ èrò ibẹ̀ pọ̀ láàárọ̀, ẹ má lọ nígbà tí ọkọ̀ yín bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ rà á kí ẹ tó wọkọ̀ o: láti òpin oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọn ò ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ títà gba àárín ìjókòó kọjá mọ́ nínú Shinkansen tó ń lọ sí Osaka. Inú ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tó ń gbé òṣìṣẹ́ láàárín ìlú. Ẹ wo wákàtí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, torí kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ dọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí mu ọtí, ẹ fi fóònù túmọ̀ ohun tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó. Ọtí ìrẹsì máa ń wà nínú sọ́ọ̀sì wọn, kódà níbi tí ẹran kò sí. Tó bá sì di alẹ́, èyí tó dára ti máa ń tán.